Ìgbà Tí Iná Kú Ni Omi Tó Gòkè

Ilé omi gbígbóná tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ìlú kékeré Shixi ni Lu Jingzhou ti kọ́kọ́ rí Tao Suyin. Òwúrọ̀ kùtù ni, òtútù ń mú etí, àwọn tíṣà tò síwájú ẹ̀rọ omi, kálukú gbé fúláàsì rẹ̀ dání, èéfín èédú sì ń rú bò wọ́n. Bóyá ilé náà ṣì wà, bóyá wọ́n ti wó o, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi bíi tèmi ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ Shixi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó wà níwájú Jingzhou gbé fúláàsì tirẹ̀ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó ṣí omi, ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ la ojú yín o!" ni Jingzhou ké. "Omi híhó nìyẹn!"

Obìnrin náà ò mira. Ó rọra tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Nígbà tó ku díẹ̀ kí omi dé ẹnu fúláàsì, ó tì í pa. Ẹ̀kán kan ò dà sílẹ̀.

"Etí ni mo fi ń wò ó," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí omi bá ṣe ń kún ni ohùn rẹ̀ ń tínrín. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ni?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Bẹ́ẹ̀ náà ni màmá mi ń ṣe."

"Ó dáa. Kí ló ń jẹ́ kó tínrín?"

Láti kékeré ni Jingzhou ti ń pọn omi sínú fúláàsì, kò sì bi ara rẹ̀ rí. Ó ní, "Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ."

"Mi ò bi yín níṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ohun tí ẹ rò ni mo bi yín."

Tíṣà Mu, ìyá àgbà tó ń kọ́ni ní èdè, tó wà lẹ́yìn wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Jingzhou, o ti kàn án lónìí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa fẹ́ra yín níbòmíràn, tíì mi ń dúró de omi."

Ojú ti Jingzhou títí dé etí. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò sára pátákó, ohùn omi tó ń tínrín ló ń gbọ́.

Ìlú ńlá ni wọ́n ti gbé Suyin wá láti wá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Kíláàsì tí Jingzhou jẹ́ tíṣà àgbà fún ni wọ́n fún un. Jingzhou ló mọ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, òun ló ń pe àwọn òbí, òun ló ń pín wọn síṣẹ́ gbígbálẹ̀. Àwọn ọmọ rere ni wọ́n. Wọ́n máa ń dìde bí tíṣà bá wọlé, wọ́n máa ń ka ìwé lórí láìgbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí Suyin bá bi wọ́n pé, "Kí lẹ rò?" ńṣe ni wọ́n á tẹrí wo tábìlì bí ẹni pé ó bú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dun Suyin. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ra ànàmọ́ sísun lẹ́bàá odò, àwọn méjèèjì ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó sì tú ọkàn rẹ̀ síta fún Jingzhou.

"Mo bi ọmọ kan pé kí ló dé tí wọn kì í bi mí ní nǹkan. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Tíṣà, a fẹ́ràn yín, ìdí nìyẹn.'"

"Òótọ́ ló sọ," ni Jingzhou dáhùn. "Bí ọmọ bá béèrè ìbéèrè níbí, ó dà bí ẹni pé ó ń sọ pé ẹ ò kọ́ òun dáadáa. Bó bá sì dáhùn tí kò gbà á, ojú ìyá rẹ̀ ló máa tì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka ìwé wọn. Wọ́n á yege nínú ìdánwò."

"Wọ́n á yege nínú ìdánwò, wọn ò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi nínú fúláàsì wọn."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, mo sì wà láàyè."

Suyin fi èépo ànàmọ́ jù ú. "Ìwọ yìí! Títí ìgbà wo lo sì máa fi máa pè mí ní Tíṣà Tao?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Suyin máa pe Jingzhou ní ìwọ. Jingzhou wo odò, ó wo ànàmọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Suyin." Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ànàmọ́ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fẹ́ra. Àwọn tíṣà mọ̀, àwọn ọmọ mọ̀, Tíṣà Mu sì ń bi wọ́n láràárọ̀ nídìí omi gbígbóná pé, "Ìgbà wo la máa jẹ súìtì ìgbéyàwó? Eyín mi tó kù ò pọ̀ mọ́ o!"

Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ súìtì náà ni Màmá Lu. Opó ni, ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ibi tí ìjọba ti ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, Jingzhou nìkan ló sì bí. Ọjọ́ tí Suyin kọ́kọ́ wá jẹun nílé wọn ni nǹkan ti bàjẹ́. Màmá gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ kíkan rẹ̀, tó ti rẹ sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, síta, èyí tó ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀ ládùúgbò, tí wọ́n ń bu omi yí ètè rẹ̀ ká kí ọmọrí tó bò ó. Suyin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ó ń wò ó bí ẹni rí wúrà.

"Ẹ wò ó, afẹ́fẹ́ ń hó jáde gba inú omi, ti ìta ò sì ráyè wọlé! Màmá, ta ló ronú kan èyí?"

"Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ ò tíì ṣe é láìsí omi wò rí? Kí ẹ kàn mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀?"

Màmá Lu bu ẹ̀fọ́ fún un, ó ní kó jẹun. Ṣùgbọ́n bí Suyin ti jáde báyìí ló kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó wá jẹun ni, àbí ó wá yẹ̀ mí wò? Ó ní kí n ba ẹ̀fọ́ mi jẹ́ kí òun lè rí ìran wò!"

"Màmá, kò ní èrò burúkú kankan. Bó ṣe máa ń béèrè nǹkan nìyẹn."

"Ó ti béèrè lọ́wọ́ aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìdí tí àwòrán kan nínú ìwé kò fi péye, gbogbo ìlú ló gbọ́. Ọkọ ló máa bi léèrè lẹ́yìn náà. Mi ò fọwọ́ sí i."

Jingzhou gbé abọ́ lọ fọ̀. Kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn rí láyé rẹ̀, ìwà rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì máa ń yìn ín nítorí rẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni àṣẹ dé pé Suyin ni yóò ṣe ẹ̀kọ́ ìfihàn fún ilé ìwé lọ́dún náà. Gbogbo wa la mọ ẹ̀kọ́ ìfihàn. Àwọn aláṣẹ àti tíṣà láti ilé ìwé mìíràn á wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọ́n á máa wo bí tíṣà ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò sì sí tíṣà kan tí kì í kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ náà dánra wò pẹ̀lú àwọn ọmọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi mọ ìgbà tó máa dìde àti ohun tó máa wí. Bí tíṣà bá wá béèrè ìbéèrè, gbogbo ọwọ́ á lọ sókè bí igbó. Ẹni tó mọ ìdáhùn á na ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á na ọwọ́ òsì, tíṣà á sì mọ ẹni tó máa pè. Àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́. Àwọn náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ìwé tiwọn.

Suyin kọ̀. Ó sọ ọ́ lójú Ọ̀gá Pang, olórí ilé ìwé. "Ṣé eré orí ìtàgé ni? Bí wọn bá dákẹ́, kí wọ́n dákẹ́. Ó kéré tán, àwọn àlejò á mọ ibi tí a dé."

Ọ̀gá Pang pe Jingzhou lọ́tọ̀. "Tíṣà Lu, ìwọ lo ni kíláàsì. Bí àwọn ọmọ yẹn bá dákẹ́ bí ẹja lójú àwọn aláṣẹ, mi ò ní lè gba Tíṣà Tao sílẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè lọ́hùn-ún, níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fẹ́ra yín. Ronú sí i."

Jingzhou ronú sí i. Kò pẹ́ tó fi pinnu. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan tí Suyin lọ ra ìgò ní ọjà, ó kó àwọn ọmọ jọ sí kíláàsì, ó gbé tíréè omi kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí Suyin yàn, ó gbé àbẹ́là dúró sínú rẹ̀, ó tanná sí i, ó sì fi ìgò bò ó. Iná náà jó díẹ̀, ó rẹ̀, ó kú. Omi gòkè wọnú ìgò. Ìwé ṣàlàyé rẹ̀ pé iná ti jẹ ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́, omi sì gba àyè rẹ̀.

Ó pín ọ̀rọ̀ fún wọn. Bian Dali, olórí kíláàsì, á sọ pé iná ń jẹ afẹ́fẹ́. Ẹlòmíràn á sọ ìdá rẹ̀. Ó ku ọmọ kan tó máa béèrè ìbéèrè, nítorí Suyin á fẹ́ ìbéèrè. Ó wo àárín wọn láti yan ẹnì kan. Ìgbà yẹn ni Ruan Xiaohe, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀, dìde fúnra rẹ̀.

"Tíṣà." Ó nàka sí tíréè. "Bí omi bá ń gba àyè afẹ́fẹ́ tí iná jẹ, kí ló dé tí kò gòkè nígbà tí iná ń jẹ ẹ́? Mo wò ó dáadáa. Ìgbà tí iná ti kú tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè."

Jingzhou wo tíréè náà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ojú tirẹ̀ náà ti rí i, kò kàn fiyè sí i. Kò sì mọ ìdáhùn, ọkàn rẹ̀ sì sáré lọ bá àwọn aláṣẹ tó máa jókòó sẹ́yìn, àti ìwé tí ọ̀kan nínú wọn wà lára àwọn tó kọ ọ́, àti òkè tí bọ́ọ̀sì kì í dé.

"Fi ìyẹn sílẹ̀, Xiaohe," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò sí nínú ìwé. Ìwọ, ohun tí wàá béèrè nìyí: 'Bí ìgò bá tóbi sí i, ṣé iná á pẹ́ kó tó kú?' Tún un sọ kí n gbọ́."

Xiaohe tún un sọ.

"Ó dáa gan-an. Jókòó."

Ọmọ náà jókòó. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n yin òun. Kí wọ́n tó tú ká, Jingzhou kìlọ̀ fún wọn pé Tíṣà Tao ò gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fún un. Kò sí ọmọ kankan tó tú u fó. Ọmọ rere ni wọ́n.

Ẹ̀kọ́ ìfihàn náà dùn ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Suyin béèrè pé, "Kí lẹ rò?" ó sì mí kanlẹ̀, ó ń dúró de ìdákẹ́jẹ́ tó mọ̀. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Bian Dali sọ̀rọ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ruan Xiaohe dìde tó béèrè ọ̀rọ̀ ìgò ńlá, omi lé ròrò lójú Suyin níwájú gbogbo àlejò. Ó sáré gbé ìgò tó tóbi, ó dán an wò lójú wọn, iná náà sì pẹ́ kó tó kú. Àtẹ́wọ́ dún dé ojú pópó.

Jingzhou náà ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ṣé o rí wọn?" Suyin dì mọ́ ọn lẹ́yìn ilé ìwé, kò bìkítà ẹni tó ń wò. "Jingzhou, ṣé o gbọ́ Xiaohe? Odidi ọdún kan ni mo ti ń dúró! Mo ti ń rò ó pé bóyá èmi ni kò mọ bí a ṣe ń kọ́ni, pé bóyá kí n kàn máa kọ ìdáhùn sára pátákó fún wọn bíi ti gbogbo èèyàn. Mo ti fẹ́ gba ìyẹn tẹ́lẹ̀, o ò mọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n gbà mí là lónìí."

"Ìwọ lo kọ́ wọn," ni Jingzhou wí. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Omi yẹn kì í gòkè títí iná fi máa kú. Ìgbà tí iná bá kú tí afẹ́fẹ́ inú ìgò wá tutù, tó súnkì, ìgbà náà ni omi ń gòkè. Ohun tó wà nínú ìwé ò pé. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe yan ẹ̀kọ́ yìí. Mo ní bóyá ọ̀kan nínú wọn á rí i. Ẹnì kankan ò rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n á rí i lọ́jọ́ kan, àbí?"

Jingzhou fa orí rẹ̀ mọ́ àyà, kó má bàa rí ojú òun.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìròyìn ayọ̀ ti ń wọlé lójoojúmọ́. Wọ́n kọ orúkọ Suyin sí ara ògiri ìta ilé ìwé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ní ọjà, àwọn aládùúgbò ń dá Màmá Lu dúró, wọ́n ń ní, "Ẹ kú oríire ìyàwó, ẹni tí ìjọba yìn!" Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá gbé ẹ̀fọ́ kíkan sínú abọ́ tó dáa jù, ó dì í.

"Gbé e lọ fún Suyin. Sọ fún un pé kó wá bá mi mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

"Màmá, ẹ ní ẹ ò fọwọ́ sí i."

"Ìgbà yẹn ni mi ò tíì mọ̀ pé ó ní làákàyè. Kí ló ṣe ẹ́? Ojú rẹ rí bíi ti ẹni tí wọ́n gbé òkú wálé fún."

Ó gbé abọ́ náà lọ. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó ti ń tọrọ lójú àdúrà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ó sì dà bí ohun tí a jí gbé. Bó bá sọ̀rọ̀, ìgbéyàwó tú ká. Bó bá dákẹ́, á máa sùn ti obìnrin tó ń tàn jẹ títí ayé.

Ó bá Suyin nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ìgò. Ó ń kọrin. Ó ní wọ́n ti pè é pé kó wá ṣe ẹ̀kọ́ náà ní olú ìlú ìpínlẹ̀, níwájú àwọn èèyàn ńlá.

"Kíláàsì tí mi ò rí rí ni wọ́n máa fún mi níbẹ̀," ló wí, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí. Bí ọmọ Shixi bá lè sọ̀rọ̀, ọmọ ibikíbi lè sọ̀rọ̀. Kí lo gbé dání? Ti Màmá ni? Jingzhou! Ṣé ó ti gbà ni?"

Jingzhou gbé abọ́ náà kalẹ̀ sórí ògiri kékeré tó wà níbẹ̀.

"Suyin, má lọ."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni mo kọ́ wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo fi sí wọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìgò ńlá, èmi ni mo ṣe é. Ọjọ́ tí o lọ sí ọjà ni."

Ìgò ọwọ́ Suyin ò já bọ́. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Kò fi ọ̀kan pamọ́ mọ́. Ó sọ ti Ọ̀gá Pang, ó sọ ti òkè lọ́hùn-ún, ó wá dé orí èyí tó le jù fún un láti sọ. "Xiaohe sì bi mí ní nǹkan, fúnra rẹ̀. Ó bi mí ìdí tí omi fi ń dúró títí iná fi kú. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé kò sí nínú ìwé."

"Xiaohe rí i?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Suyin kó tó mọ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. "Báwo ló ṣe sọ ọ́? Sọ ọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Má fi tìrẹ kún un."

Jingzhou sọ ọ́ bí ọmọ náà ti sọ ọ́. Suyin gbọ́ ọ tán, ó di ojú. Nígbà tó la ojú, kò wo Jingzhou bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Mo lè dárí ti ẹ̀tàn jì ẹ́. Wọ́n ti kọ́ gbogbo yín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o gba ohun tí mo ti ń wá lọ́wọ́ ọmọ yẹn, o sọ ọ́ nù, o wá fi òmíràn dípò rẹ̀ fún mi, o ń wò mí bí mo ti ń sunkún ayọ̀."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ni, Suyin. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀. Tẹ̀ lé mi."

Kíláàsì Xiaohe ló kàn láti gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bá a pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Suyin lóṣòó síwájú rẹ̀, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Xiaohe, mo gbọ́ pé o rí nǹkan nípa omi àti àbẹ́là. Mo fẹ́ kí o sọ ọ́ fún mi."

Ọmọ náà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó nàró, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tíṣà, iná a máa jẹ ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ ẹ́ tán, omi á gòkè gba àyè rẹ̀."

"Bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Ohun tí ojú tìrẹ rí ńkọ́?"

"Bí ìwé ṣe wí náà ni, Tíṣà. Gbogbo ẹ̀ ti yé mi."

Ó sọ ọ́ tán, ó wá yíjú wo Jingzhou, láti mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa.

Jingzhou fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Suyin dìde, ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ó sì jáde. Abọ́ ẹ̀fọ́ náà ṣì wà lórí ògiri nígbà tó kọjá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Suyin sọ fún Ọ̀gá Pang pé òun ò lọ sí olú ìlú mọ́, pé wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n máa sọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tó kọ́ wọn, bí ẹni tí kò mọ̀, ó ní, "Ẹ̀kọ́ mi ni. Ẹ kọ ọ́ sí mi lọ́rùn." Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ògiri. Ní ọjà, Màmá Lu bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́?" ló ń pariwo nílé. "Ó lọ tú ara rẹ̀ fó fúnra rẹ̀! Ta ló fi ipá mú un sọ ọ́? Kò sí ìgbéyàwó mọ́. O gbọ́?"

Orúkọ Jingzhou ò jáde níbìkankan. Ìyẹn ló pa á lára jù. Bó bá pàdé Suyin nídìí omi gbígbóná, obìnrin náà á kí i bíi tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, á gbé fúláàsì rẹ̀, á máa lọ. Tíṣà Mu gan-an ò sọ ti súìtì mọ́.

Ní ìpàdé àwọn tíṣà, Ọ̀gá Pang ń sọ̀rọ̀ gígùn nípa àwọn kan tó ń tàbùkù ilé ìwé. Suyin jókòó sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ fèrèsé. Jingzhou dìde. Ó di àga mú.

"Ọ̀gá, èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ. Tíṣà Tao ò mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò mọ̀."

"Jókòó, Jingzhou," Tíṣà Mu fa aṣọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọmọ yìí, ta ni kì í ṣe é? Gbogbo wa la ń ṣe é."

"Mo mọ̀, ìyá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọwọ́ òsì ni mo máa ń nà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Ojú Ọ̀gá Pang pọ́n bí ata. Wọ́n gba ipò tíṣà àgbà lọ́wọ́ Jingzhou lọ́jọ́ náà, Màmá Lu sì gbọ́ kó tó délé. Ó sunkún, ó bú u, ó ní ó ti ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ nítorí obìnrin. Jingzhou jókòó tì í títí ẹkún fi tán.

"Màmá, kì í ṣe nítorí obìnrin. Èmi ni mo ṣe é. Mo ṣì fẹ́ fẹ́ ẹ bó bá gbà. Mi ò sì ní ṣe é lẹ́yìn yín."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ìyá náà wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó lọ sí yàrá Suyin. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ìkòkò ìrẹsì wà lórí àdògán èédú, Suyin jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀fọ́.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀," ni Jingzhou wí.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá bẹ̀bẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Suyin. "Jókòó."

Jingzhou jókòó, ó bá a ṣa ẹ̀fọ́. Suyin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mi ò bínú mọ́. Mo ti gbìyànjú láti máa bínú lọ, ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ràn rẹ, kò lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà nínú mi, mi ò sì fẹ́ tàn ẹ́. Láti òní lọ, bí o bá sọ fún mi pé ìrẹsì ti jinná, màá ṣí ọmọrí wò. Gbogbo ohun tí o bá sọ ni màá máa ṣí wò. Mi ò mọ ìgbà tó máa dópin. Ṣé ọkùnrin lè bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbé?"

"Máa ṣí i," ni Jingzhou dáhùn.

"Ó máa dùn ẹ́."

"Jẹ́ kó dùn mí. Ti Xiaohe ńkọ́?"

Suyin gbé ẹ̀fọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò mọ̀. Mo ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì nílé wọn. Ó ń fún mi ní tíì, ó ń dáhùn bí ìwé ṣe wí. Ó ṣeé ṣe kó má sọ ọ́ mọ́ láé, Jingzhou. Àwa méjèèjì la jọ máa gbé ìyẹn. Mi ò lè bá ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ìgbà ọyẹ́ tó wọlé. Kò sí ariwo. Tíṣà Mu jẹ súìtì títí eyín fi ń ro ó. Màmá Lu wá nígbà tí gbogbo èèyàn rò pé kò ní wá. Ó jókòó sí ìkángun, ó jẹ ẹyọ kan, ó di ìyókù sápò. Àwọn ọmọ kíláàsì wá kí wọn, wọ́n tò, Ruan Xiaohe ló sọ̀rọ̀ ìkíni lórúkọ gbogbo wọn. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Gbogbo àlejò yìn ín, ọkọ àti ìyàwó nìkan ni kò lè gbójú sókè.

Ní ọ̀sán tó tẹ̀ lé e, Jingzhou dáná fún ìyàwó rẹ̀. Ó bu omi sí ìrẹsì, ó dé e, ó dín iná kù, ó ń ṣọ́ ọ.

"Ó ti jinná," ló wí.

Suyin dìde, ó wá sídìí àdògán, ó mú àkísà, ó sì ṣí ọmọrí. Ooru bò ó lójú. Ó fi ṣíbí gbé díẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò.

"Ó jinná lóòótọ́."

Jingzhou fẹ́ sọ pé, ṣebí mo ti sọ fún ẹ. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì, ó mú abọ́ méjì wá, ó sì na ti ìyàwó rẹ̀ sí i.